Màlúù Tó Kọjú Sósì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ẹ gbé àga yín sún mọ́ mi díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo ẹ̀. Òfófó ni, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ òfófó tó léegun nínú ni. Ṣé ẹ mọ Wilmien, opó Wessel, tó ń gbé létí odò Elter, tó ń bá wa ṣí gbọ̀ngàn ìlú, tó sì ń po kọfí níbẹ̀? Òun ni. Òun àti Egbert, aládùúgbò ẹ̀ tí ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Wilmien dúró lórí àga. Àkísà wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ọwọ́ òsì ẹ̀ di ògiri mú, imú ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí màlúù. Màlúù inú àwòrán ni o. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin lórí àga, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó máa bá a di àga mú, torí pé eruku wà lórí férémù, àwọn èèyàn ńlá sì ń bọ̀ láago méjì ọ̀sán.

Ó nu eruku. Ó tún un nù. Ó wá dáwọ́ dúró.

"Ta ló kọ́ ìwọ báyìí ní wàrà fífún?" ló bi obìnrin kékeré tó jókòó ti màlúù náà.

Kí n tó sọ ohun tó rí, ẹ jẹ́ n sọ bí àwòrán ṣe di ohun tí gbogbo ìlú ń jà lé lórí.

Odò Elter tó lọ tààrà bí okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí yìí, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kọ́ nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa ló gé e tọ́. Wọ́n fẹ́ kí omi tètè máa lọ kí koríko ráyè hù. Omi sì gbọ́ràn, ó ń tètè lọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò á gbẹ títí àgùntàn á fi máa fẹsẹ̀ rìn ín kọjá. Bí òjò bá dé, gbogbo ẹ̀ á ya wọ ìsàlẹ̀ ìlú lẹ́ẹ̀kan náà, àwa á máa gbé àga gun orí tábìlì. Ni àjọ tó ń bójú tó omi bá ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní àwọn á dá odò padà sójú ẹ̀ àtijọ́, kó máa yí, kó máa lọ́, kó máa rọra lọ. Àwọn àgbà ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Àjọ olómi ló ní dandan, kó bojú wẹ̀yìn.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibo lojú odò àtijọ́ ọ̀hún wà? Máàpù ìlú ti jóná mọ́ ilé ìjọba láyé ìyá àwọn ìyá wa àgbà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò, ipa odò méjì ni wọ́n rí. Ọ̀kan wà ní ìhà òsì, tó gba àárín ilé Egbert kọjá. Ọ̀kan wà ní ìhà ọ̀tún, tó gba àárín ilé Wilmien kọjá, lẹ́yìn ọgbà ápù ẹ̀. Ilẹ̀ méjèèjì níyanrìn odò lábẹ́, ilẹ̀ ò sì sọ èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì. Èyí tó kẹ́yìn náà gan-an ni òfin ní kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ibẹ̀ ni Dókítà Fenna ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Yunifásítì ló ti wá, ọmọge tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ nínú òjò bí ẹni pé òjò ò kàn án. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa fi àwòrán àtijọ́ ka odò. Ó kó àwòrán mẹ́ta kan tó ti wà nílé ìjọba tuntun látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ó gbé wọn kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn, àgbà níwájú, àbúrò lẹ́yìn. Gbogbo wa la ti ń kọjá níwájú àwọn àwòrán yẹn láti kékeré, a ò sì rí nǹkan kan níbẹ̀ ju màlúù àti sánmà lọ.

"Ẹ má wo sánmà," ló máa ń wí. "Ẹ wo ẹsẹ̀ màlúù. Ibi tí omi dé lẹ́sẹ̀ màlúù la fi ń mọ bí odò ṣe jìn tó."

Lóòótọ́, nígbà tó ti là wá lójú, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, odò sanra. Ó tẹ́ bí ẹni tó jẹun yó, ó ń lọ́ gba àárín koríko, omi dé orúnkún màlúù, ọkọ̀ onísàlẹ̀ pẹlẹbẹ kan ń bọ̀ pẹ̀lú ìgbòkun, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn dúró lórí yanrìn láàárín omi. Àwòrán kejì, ìyẹn nígbà tí wọ́n ti gé e: odò tọ́ bí ìlà, wọ́n to igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ṣọ́jà, ẹyẹ ò sí mọ́. Ìkẹta, ilé iṣẹ́ aláṣọ ti dé, èéfín ń jáde, omi sì pọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ aṣọ pupa, odò á pupa náà nìyẹn. Màlúù ò sí nínú omi mọ́. Ẹ̀yìn wáyà ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń wò ó lókèèrè.

Àwòrán àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo ẹjọ́ dúró lé lórí, torí òun nìkan ló fi odò hàn kí wọ́n tó gé e. Ẹni tó yà á dúró lórí òkè, ó kọjú sí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìṣọ́ náà sì wà láàárín gangan lókèèrè. Odò yà sósì. Òsì ni ilé Egbert wà. Ó parí.

Láti oṣù Karùn-ún tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ ni Wilmien ti ń sùn dáadáa. Mi ò ní bò ó fún un. Ojú ń tì í díẹ̀, àmọ́ ó ń sùn. Bíríkì kọ̀ọ̀kan tó wà lára ilé yẹn, ọwọ́ Wessel ọkọ ẹ̀ ló gbé e lé orí èkejì. Òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé omi símẹ́ǹtì fún un, pẹ̀lú oyún nínú. Ọ̀sán ọjọ́ yìí, láago méjì, ni ọ̀gá àjọ olómi máa fọwọ́ sí ìwé, tí ilé Egbert á sì di ti odò.

Màlúù ló wá kò ó lójú láàárọ̀.

Wilmien ti ń fún wàrà láti ọmọ ọdún méje, kí ẹ̀rọ tó dé, kí ọkọ tó dé, kó tó mọ̀wé kà dáadáa pàápàá. Ní gbogbo agbègbè wa níbí, ìhà ọ̀tún màlúù lèèyàn ń jókòó sí láti fún un. Wọn kì í ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ. Tó o bá lọ jókòó síhà òsì, màlúù á fẹsẹ̀ ṣàlàyé fún ẹ. Torí náà, bí wọ́n bá ya obìnrin tó ń fún wàrà, tó o sì ń rí i kedere níwájú màlúù, orí màlúù yẹn gbọ́dọ̀ kọ sí ọwọ́ ọ̀tún ìwọ tó ò ń wò ó.

Orí màlúù yìí kọ sósì. Ìhà òsì ẹ̀ ló kọ sí wa, ibẹ̀ ni obìnrin náà sì jókòó pẹ̀sẹ̀ sí, ó fi iwájú orí ti ikùn ẹ̀, bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

"Ará ìlú ńlá ló yà á," Wilmien sọ fún ara ẹ̀. "Inú ọbẹ̀ nìkan ló ti mọ màlúù." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àkísà síwájú.

Ojú ẹ̀ wá bọ́ sára àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ń gé koríko lẹ́yìn. Ẹ mọ dòjé ńlá tó ní ọ̀pá gígùn yẹn: láti ọ̀tún lèèyàn ti ń jù ú wá sósì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jù ú láti òsì lọ sọ́tùn-ún. Ó dáa, èèyàn kan lè jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Bàbá Wilmien mọ ọ̀kan, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ni wọ́n máa ń fi í sí kó má bàa gé ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Àmọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Ó wo ìyá àgbà tó ń fọ́n àgbàdo fún adìyẹ lẹ́nu géètì. Ọwọ́ òsì ló fi ń fọ́n ọn. Ó wo ọkùnrin tó ń fi igi ti ọkọ̀ kúrò létí omi. Ọwọ́ òsì ló wà lókè. Gbogbo ìlú ti di ọlọ́wọ́ òsì!

Ó tún wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì jẹ́jẹ́. Ó mú dígí kékeré jáde nínú báàgì ẹ̀, èyí tó fi máa ń fa irun àgbọ̀n tu. Ó kẹ̀yìn sí àwòrán, ó gbé dígí sókè, ó sì fi wo ohun tó wà lẹ́yìn èjìká ẹ̀.

Nínú dígí, obìnrin náà jókòó síbi tó yẹ. Àwọn ọkùnrin ń gé koríko bí àwọn ọkùnrin ṣe ń gé e. Adìyẹ ń jẹun lọ́wọ́ ọ̀tún. Ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ò yí padà, torí àárín ló wà tẹ́lẹ̀, àárín náà ló ṣì wà. Odò ńkọ́? Odò ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó rọra yà sọ́tùn-ún, ó sì nà gbalaja síbi tí kíṣìnnì Wilmien wà.

Ẹ máa wò ó bí pákó tí a fi ń tẹ bisikíìtì lóṣù Kejìlá. Bí wọ́n bá fín ẹṣin tó kọjú sọ́tùn-ún sínú pákó, bisikíìtì tó máa jáde, ẹṣin ẹ̀ á kọjú sósì. Dókítà Fenna fúnra ẹ̀ ti sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé láyé ijọ́un, wọ́n máa ń fín àwòrán sórí bàbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ayàwòrán mìíì á wá ra ìwé yẹn, á jókòó sílé ẹ̀, á fi ọ̀dà yà á sórí aṣọ. Kò tiẹ̀ ní débi odò rárá. Ó sọ ọ́, àwa náà gbọ́, kò sẹ́ni tó rántí láti béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yà tiwa yìí.

"Kí lò ń fi dígí wá lẹ́yìn ara ẹ? Àbí ọkọ tuntun ló ń bọ̀?"

Dieke ni, ẹ̀gbọ́n Wilmien, tó gbé agolo bisikíìtì méjì wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo màlúù yìí."

"Màlúù tí mo ti wò láyé mi tó gẹ́ẹ́."

"Ẹ ṣáà wò ó."

Dieke náà fún wàrà tó ogójì ọdún. Ó súnmọ́ ọn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ya ẹnu, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn náà ló wo odò inú àwòrán, ó wo dígí tó wà lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀, ó wo ojú fèrèsé, níbi téèyàn ti lè rí òrùlé Wilmien. Dieke lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó gbé agolo kalẹ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Ó dáa. Dákẹ́ síbẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣé ìwọ lo ya àwòrán ni? Ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹ láti máa wo ìdí màlúù? Àwọn tó kàwé títí irun orí wọn fi re, àwọn ló ní òsì ni. Òsì náà ni!"

"Ilé Egbert ni wọ́n máa wó."

"Egbert tí kì í kí ẹ! Egbert tó ń kọjá níwájú ẹ bí ẹni tó rí ìgbẹ́ ajá!"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní òpùrọ́."

"Òpùrọ́ náà kọ́ ni? Ajá ẹ̀ pa pẹ́pẹ́yẹ ẹ mọ́kànlá, ó ní ajá òun kọ́."

Wilmien ń yí àkísà po lọ́wọ́. "Ajá ẹ̀ kọ́," ló wí. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, ó ń ti abẹ́ wáyà jáde. Egbert ti gbé ajá ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko nígbà yẹn, torí ariwo tí mo pa. Wọ́n ti pa á."

Dieke fa àga kan, ó jókòó.

"O ò sọ fún mi rí," ló wí.

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

"Kó o má sì sọ èyí náà." Dieke di àbúrò ẹ̀ lápá mú. "Wilmien. Wò mí. O ti dàgbà jù láti máa wá ilé tuntun. Ẹni tó mọ ọ̀nà tí ò sọ, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Odò ló ń wá ibi tó máa gbà. Fi odò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ ẹ̀."

Wilmien lọ gbé omi kaná. Ó ka ife síta, ó kà á tán, ó gbàgbé iye tó kà, ó tún un kà. Ohun tó ń kọjá lọ́kàn ẹ̀ kì í ṣe ajá. Ikú Wessel ni.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ aládùúgbò àkọ́kọ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tí ilé ẹ̀ súnmọ́ tìẹ jù, òun ló ń gbé òkú ẹ, yálà ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ tàbí ẹ ò sọ̀rọ̀. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ dán an wò kó má ṣe é. Ọdún méjì lẹ́yìn ìjà yẹn ni Wessel ṣubú lulẹ̀ nínú ọgbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, Egbert ti wọlé pẹ̀lú kóòtù dúdú lọ́rùn. Kò kí Wilmien. Ó dá aago ògiri dúró, ó fa kọ́tìnnì, bí a ṣe ń ṣe nílé òkú, ó jáde, ó sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń túfọ̀ fún gbogbo ìlú. Òun ló gbé iwájú pósí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń wá fún wàrà màlúù méjìlá tó wà lọ́rùn Wilmien. Bí Wilmien bá jí, á ti bá àwọn agolo wàrà ní mímọ́ tónítóní, tí wọ́n dojú dé lórí pákó, omi á ṣì máa kán lára wọn, ẹni tó fọ̀ wọ́n á sì ti lọ. Kò sọ gbólóhùn kan. Wilmien náà ò sì dúpẹ́. Báwo lèèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò fi àlàfo sílẹ̀ fún un? Ọpẹ́ yẹn há sí i lọ́fun, ó wà níbẹ̀ fún ọdún méje.

Nígbà tó di aago méjì, gbọ̀ngàn kún. Kọfí lọ yíká, bisikíìtì lọ yíká, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, Dieke sì dé agolo pa kí ẹnikẹ́ni tó gbójú sókè fún èkejì. Ọ̀gá àjọ olómi jókòó síwájú, ọkùnrin tó tóbi, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù. Dókítà Fenna fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ ìwé ọwọ́ ẹ̀ wò léraléra, torí iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó ṣe láyé ẹ̀ nìyẹn. Egbert wà níjókòó lẹ́yìn pátápátá, fìlà lórí orúnkún.

"Bàbá Egbert," ọ̀gá náà pè é, "ilé yín lọ̀rọ̀ kàn jù. Ṣé ẹ ní àtakò?"

"Rárá."

"Ẹ ò sọ nǹkan kan?"

"Odò ti wà níbẹ̀ kí n tó dé."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan mi orí. Ọ̀gá náà ṣí bírò.

Wilmien dúró nídìí ìkòkò kọfí. Ó gbọ́ bí ìdérí bírò ṣe dún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan."

Dieke fà á láṣọ lẹ́yìn.

"Jókòó, Wilmien."

Ohùn yẹn kì í ṣe ti Dieke. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ló ti wá. Àwọn èèyàn yíjú padà, torí gbogbo ìlú ló mọ iye ọdún tí orúkọ yẹn ti kúrò lẹ́nu Egbert.

Wilmien wò ó. Egbert ò wo Wilmien. Àwòrán ló ń wò, kì í sì í ṣe odò inú ẹ̀, màlúù ni. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ wà lórí orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà, àwọn ìka ẹ̀ ń pa dé níkọ̀ọ̀kan, ti òkè kọ́kọ́, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ìka kékeré, bí ìka ẹni tó ti fún wàrà fún ọgọ́ta ọdún ṣe máa ń ṣe fúnra ẹ̀ bí ọkàn bá lọ síbẹ̀.

Egbert mọ̀. Kì í ṣe òní ló mọ̀.

Wilmien bojú wẹ̀yìn. Àga wà lẹ́yìn ẹ̀ gan-an. Ká ní ó jókòó, ohun tí ọkùnrin yẹn ń gbé fún un ló máa gbà yẹn, á sì gbà á láì dúpẹ́, bó ṣe gba ti ìṣáájú.

"Dókítà, ọmọ mi," ló wí, "ṣé o ti fún wàrà rí?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Fenna náà rẹ́rìn-ín. "Rárá o, Ìyá. Inú páálí ni mo máa ń rà á."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fún wàrà pẹ̀lú ọwọ́ ńkọ́? Ẹ dìde, ẹ wá wo ibi tí obìnrin yìí jókòó sí."

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Bàbá àgbà méjì kan súnmọ́ ògiri, wọ́n fi awò ojú wọn sójú. Wọ́n wò ó títí.

"Màlúù yìí á gbá a dànù," ni èkíní wí.

"Ó yẹ kó ti wà nínú odò," ni èkejì wí. "Òun àti korobá." Ó tọ́ka sí àwọn tó ń gé koríko. "Àwọn wọ̀nyí náà ńkọ́? Kí ló ṣe gbogbo wọn?"

Ẹ̀rín ń kú lọ níkọ̀ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn yẹn, bí ẹni ń pa àtùpà. Fenna náà sún mọ́ ògiri. Ó yọ fóònù, ó ya àwòrán náà, ó fìka yí i padà lójú fóònù, ọ̀tún di òsì, òsì di ọ̀tún. Ó wò ó. Ó rọra gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà lélẹ̀.

"Orí bàbà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fín in," ló wí, ohùn ẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ. "Ara ìwé títẹ̀ ni ayàwòrán ti yà á. Mo wo odò. Odò nìkan ni mo wò."

Ọ̀gá àjọ olómi dé bírò ẹ̀. "A jẹ́ pé ìhà ọ̀tún..." Kò parí ẹ̀. Kò sídìí tó fi máa parí ẹ̀. Gbogbo orí ti yí sí Wilmien, ìgbà yẹn ni àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe fún ara ẹ̀.

Ó lọ síta, sẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ó fẹ́ sunkún, ẹkún ò wá. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹẹrẹ.

"Mo ní kó o jókòó," ni Egbert wí.

"Mo gbọ́."

"O kì í gbọ́ràn. Láti ilé ìwé lo ti rí bẹ́ẹ̀."

"Ìgbà wo lo ti rí i?"

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́."

Oṣù Karùn-ún nìyẹn. Oṣù Kẹwàá sì lọjọ́ tí mò ń wí yìí. Oṣù márùn-ún ló fi jẹ́ kí wọ́n máa wọn ilé òun, kí wọ́n máa kan èèkàn mọ́ pápá òun. Ó tiẹ̀ ti lọ gba yàrá kan láàárín ìlú, lẹ́yìn ilé oògùn. Fèrèsé ẹ̀, ògiri ló kọjú sí.

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

Egbert ń wo fìlà ọwọ́ ẹ̀ bí ẹni pé inú ẹ̀ ni wọ́n kọ èsì sí. "Èmi ni aládùúgbò àkọ́kọ́," ló wí.

Wilmien gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ tó ti há fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó gbìyànjú láti tì í jáde. "Egbert, pẹ́pẹ́yẹ yẹn... ajá ẹ... kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Mo rí i. Mo sì..."

"Mo mọ̀," ni Egbert wí. "Mo mọ ajá mi."

Wọ́n dúró síbẹ̀. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, èèyàn ń rí odò Elter láti orí dé ìdí, tẹ́ẹ́rẹ́, tààrà, ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún, òun láàárín. Egbert na ìka síta, ó fi yí po nínú afẹ́fẹ́, bí odò ṣe máa gbà.

"Ó máa gba ẹ̀yìn ọgbà ápù ẹ. Ilé lọ. Ọgbà ò lọ." Ó yí ìka padà sọ́dọ̀ ara ẹ̀. "Á bọ́ síhà tèmi."

"Ṣé o fẹ́ bá mi du ápù ni?"

"Mi ò fẹ́ràn ápù."

Wilmien fẹ́ fèsì, àmọ́ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ìka yẹn ń wí. Bí omi bá ti lọ gba ọ̀tún, wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ dí ojú odò tòní. Láti abẹ́ igi ápù ẹ̀ tó kẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà Egbert, koríko ni, koríko nìkan, téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kọjá. Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi mọ̀ pé omi ló wà níbẹ̀.

Wilmien wo ibẹ̀ títí. Egbert ò lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé Wilmien ti lọ o, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lẹ́nu wa síbẹ̀. Dieke ṣì ń bínú títí di òní, ó ní àbúrò òun fi ẹnu ara ẹ̀ wó ilé ara ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní ẹ̀yin lẹ dúró nídìí ìkòkò kọfí yẹn, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ jókòó, tí àga sì wà lẹ́yìn yín, ṣé ẹ ò ní jókòó? Ká sì ní ẹ̀yin ni Egbert, tí obìnrin yẹn pè yín ní òpùrọ́ títí ajá yín fi kú, ṣé ẹ máa dákẹ́ fún un? Ẹ sọ ọ́ síbí kí n gbọ́, àmọ́ ẹ má purọ́ fún mi.